Wọ́n ta agbábọ́ọ̀lù tí mo fẹ́ràn jù: ta ló yẹ kí n bínú sí?

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àjàṣẹ́ níhìn-ín ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni mò ń gbé, ọ̀rọ̀ kan sì ká mi lára tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí.

Ọmọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí mò ń tì lẹ́yìn, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, ẹsẹ̀ òsì ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù, nọ́ńbà 10 ló sì ń wọ̀. Láti ìgbà tó ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá a lórí yanrìn láìwọ bàtà ni mo ti ń wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti rí i lórí pápá yóò mọ ohun tí mò ń wí. Bí bọ́ọ̀lù bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kì í kánjú. Yóò fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ dá a dúró, yóò máa wo orúnkún ẹni tó wá dí i lọ́nà, ìgbà tí onítọ̀hún bá sì fi gbogbo ara lé ẹsẹ̀ kan ni yóò gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá. Gbogbo àwa tí a jókòó ti mọ̀ pé ohun tó fẹ́ ṣe nìyẹn, síbẹ̀ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ kì í rí i mú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ́ náà kọ ọ̀rọ̀ ṣókí sí ojú ewé Facebook wọn pé àwọn ti ta á fún ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì kí i pé ó dàbọ̀. Wọn kò ṣètò ìdágbére kankan, kò sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan tí a lè fi wò ó kẹ́yìn, wọn kò sì sọ iye tí wọ́n gbà lórí rẹ̀. Ọmọ mi ní aṣọ kan tí mo ní kí télọ̀ rán nọ́ńbà 10 mọ́ lẹ́yìn, aṣọ náà kì í sì í kúrò lára rẹ̀ àfi tí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ fọ̀ ọ́. Ó bi mí bóyá kí a tú nọ́ńbà náà ni, n kò sì rí èsì fọ̀ fún un.

Ohun tó ń dà mí láàmú jù ni pé n kò mọ ẹni tí ǹ bá bínú sí. Bí mo bá ní kí n bínú sí ọmọ náà, mo mọ ilé tí wọ́n bí i sí, mo sì mọ̀ pé kò sí òbí tó máa ní kí ó kọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ní kí n bínú sí ẹgbẹ́, wọ́n á ní owó náà ni àwọn yóò fi bọ́ àwọn tó kù. Gbogbo rẹ̀ ló mọ́gbọ́n wá, síbẹ̀ ó ń dùn mí. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí, báwo ni ẹ ṣe gbà á mọ́ra? Ṣé ẹgbẹ́ ni ènìyàn ń fẹ́ràn ni, àbí agbábọ́ọ̀lù?

Bàbá Olùkọ́ (Kétu)

Ọmọ Àjàṣẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́, ó yé mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ẹni tó tà á, nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì kí ènìyàn tó mọ ibi tí yóò kọjú ìbínú sí.

Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ tó lè ta agbábọ́ọ̀lù bí onítọ̀hún kò bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tuntun fúnra rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ lè fi eléré ìdárayá kan ṣe pàṣípààrọ̀ òmíràn láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀, àyàfi bí àdéhùn rẹ̀ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Dallas ṣe gbé Luka Dončić fún ẹgbẹ́ Lakers ti Los Angeles ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ọdún 2025 nìyẹn, òru ni ìròyìn náà jáde, inú sì bí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ débi pé wọ́n lọ kóra jọ síwájú pápá ìṣeré láti fi ẹ̀hónú hàn. Ti ọ̀dọ̀ yín kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà mọ̀, ó sì gbà.

Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò ní òmìnira yìí tán. Títí di oṣù kejìlá ọdún 1995, nígbà tí ilé ẹjọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá ẹjọ́ Jean-Marc Bosman, ẹgbẹ́ lè di agbábọ́ọ̀lù mú kódà lẹ́yìn tí àdéhùn rẹ̀ ti parí. Ẹgbẹ́ RFC Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni Bosman wà, ó fẹ́ lọ sí Dunkerque ní ilẹ̀ Faransé, wọn kò sì jẹ́ kí ó lọ. Ìdájọ́ yẹn ló fún agbábọ́ọ̀lù lágbára láti máa lọ lọ́fẹ̀ẹ́ bí àdéhùn bá ti tán, ìdí sì nìyẹn tí ẹgbẹ́ kéékèèké fi máa ń yára ta ọmọ tó bá mọ bọ́ọ̀lù kí àdéhùn rẹ̀ tó parí mọ́ wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, n kò lè dá ẹgbẹ́ yín lẹ́bi pé wọ́n tà á.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí ni owó tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Òfin FIFA sọ pé bí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn nígbà tí àdéhùn rẹ̀ kò tíì parí, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 dé 23. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá tún tà á lọ́jọ́ iwájú ní mílíọ̀nù kan owó yúrò, 50,000 ni a ó yà sọ́tọ̀. Fún ọdún kọ̀ọ̀kan láti 12 dé 15, ẹgbẹ́ tó wà nígbà náà yóò gba 2,500. Láti 16 sókè, 5,000 lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé Àjàṣẹ́ ló wà láti 12 títí di 18, 25,000 yúrò ni ti Àjàṣẹ́, èyí tó lé ní mílíọ̀nù 16 sẹ́fà. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa ń san án; gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tà á ní irú ọ̀nà yìí ni. Owó tó lè tún pápá ṣe ni, ìwé ni wọ́n sì fi ń gbà á. Bí orúkọ ọmọ náà kò bá sí nínú ìwé àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa fún àwọn ọdún wọ̀nyẹn, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ fi hàn pé ọ̀dọ̀ yín ló ti dàgbà. Ibi tí mo rò pé ó yẹ kí ìbínú yín lọ nìyẹn, bí wọn kò bá tọ́jú ìwé.

Àdùkẹ́ (Ṣábẹ)

Bàbá, ẹ ṣeun, a dúpẹ́ àlàyé. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí mi, owó kọ́ ló ń dun ẹ̀gbọ́n wa yìí. Bí wọ́n bá san mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún pàápàá, ọmọ yẹn kò ní sí lórí pápá ní ọjọ́ Sátidé.

Ẹ̀gbọ́n, Stéphane Sessègnon, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Bẹ̀nẹ̀, ni èmi fi mọ ọ̀rọ̀ yìí. Láti ẹgbẹ́ Requins de l'Atlantique ní Kútọnu ló ti lọ sí Créteil ní ilẹ̀ Faransé, ó dé Le Mans, nígbà tó sì dé Paris Saint-Germain ní ọdún 2008, gbogbo ilé wa di ará Paris. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò mọ̀ nípa PSG ju pé ọmọ Bẹ̀nẹ̀ wà níbẹ̀ lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2011 wọ́n tà á fún Sunderland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwa náà sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí Sunderland na Newcastle, aládùúgbò tí wọ́n máa ń bá figagbága, 3-0 ní oṣù kẹrin ọdún 2013, òun ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, n kò sì mọ bí mo ṣe lè júwe ariwo tó sọ ní ilé wa, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnìkan nínú wa tó lè fi ọwọ́ tọ́ka sí Newcastle lórí àwòrán ilẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n ta á fún West Bromwich, ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi pàdé Sunderland, West Bromwich na wọ́n 3-0, òun náà ló sì tún kọ́kọ́ gbá a wọlé.

Mo máa ń ronú nípa àwọn ará Sunderland ọjọ́ yẹn, àwọn tó ti kọ orúkọ rẹ̀ lórin ní oṣù kẹrin. Ó dá mi lójú pé ó dùn wọ́n. Tiwa kò dùn wá, nítorí pé òun ni a tẹ̀ lé, a kò fi ẹgbẹ́ kankan ṣe tiwa. Èsì mi sí ìbéèrè yín nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ràn agbábọ́ọ̀lù, ibi tó bá lọ ni yóò máa bá a lọ. Nígbà tí Bẹ̀nẹ̀ sì lé Morocco jáde nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Kaírò ní oṣù keje ọdún 2019, tí a jẹ wọ́n 4-1 nínú pẹnáritì lẹ́yìn 1-1, Sessègnon ni balógun wa, òkèèrè ni ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn tó wà lórí pápá ti ń jẹun, síbẹ̀ tiwa ni gbogbo wọn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tú nọ́ńbà náà o.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Àbúrò, o ṣé. Mo gbà pé mo lè máa tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí bàbá mi mú mi lọ wò nígbà tí mo wà ní kékeré ni ẹgbẹ́ yìí, n kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bóyá ohun tó wọ̀ mí lára jù ni bí wọ́n ṣe ṣe é, tí ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá, àwa tí a ń sanwó wọlé tí a sì ń jókòó sínú oòrùn.

Agbábọ́ọ̀lù Àtijọ́ (Àjàṣẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ibi tí ẹ dé yìí gan-an ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀. Èmi náà gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan ní ìlú yìí, mo sì lọ sí orílẹ̀-èdè míràn fún ìgbà díẹ̀. Ọjọ́ kan wà tí àkókò tí àwọn ẹgbẹ́ fi lè ra agbábọ́ọ̀lù máa ń parí. Bí ọjọ́ náà bá ti ń sún mọ́lé, ohun gbogbo a máa di kánkán. Alẹ́ ni wọ́n pè mí pé kí n mú ìwé ìrìnnà mi wá, n kò sì rí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń pariwo orúkọ mi kí n tó lọ. Ó dùn mí pẹ̀lú, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ní ibi tí mo lọ, kò sí ẹni tó mọ̀ mí, mo sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó fi mí sínú ayò. Ohun tí ǹ bá fi ara tì nígbà náà ni ìrántí ọjọ́ kan tí ìlú bá mi dágbére, kò sì sí.

Nítorí náà, mo dá ẹgbẹ́ yín lẹ́bi lórí èyí, n kò sì rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ọmọ tí à ń fà fún ọkọ pàápàá, a máa ń jẹ́ kí ó sun ẹkún ìyàwó kí ó tó jáde. Wọ́n lè pè é síwájú èrò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, kí bàbá rẹ̀ dúró tì í, kí àwọn ọmọdé tó wọ nọ́ńbà rẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kò gbówó. Bí kò bá tíì wọ bàálù, ẹ lọ bá àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ lónìí. Bó bá sì ti lọ, yóò wálé nígbà ìsinmi, ẹ ṣètò rẹ̀ de ìgbà náà.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ó ti lọ. Mo ti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní àárọ̀ yìí, ó ní yóò dé nígbà tí sáà bá parí, inú rẹ̀ sì dùn pé a béèrè rẹ̀. Èmi àti àwọn mélòó kan tí a jọ máa ń jókòó yóò lọ rí alága ní ọjọ́ Mọ́ńdé lórí ètò ìdágbére náà. Bàbá Olùkọ́, bí a bá ti débẹ̀, kí ni ká béèrè lórí ọ̀rọ̀ ìwé yẹn?

Bàbá Olùkọ́ (Kétu)

Ẹ béèrè bóyá wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè ní ọdún kọ̀ọ̀kan láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún 12, kí orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà níbẹ̀ sì bá ti ìwé ìrìnnà rẹ̀ mu. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ilé iṣẹ́ kan tí FIFA dá sílẹ̀ ti ń pín owó náà, ohun tó bá wà nínú àkọsílẹ̀ àjọ ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. Bí ọdún kan bá sọnù nínú rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe nísinsìnyí tí àwọn tó kọ́ ọmọ náà ní bọ́ọ̀lù ṣì wà láàyè láti jẹ́rìí. Ẹ béèrè ti àwọn ọmọ kéékèèké tó wà níbẹ̀ báyìí pẹ̀lú.