Nílé ọwọ́ mi yá, níbi ìdíje ó gan: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àṣẹ̀ṣẹ̀yọ: Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Géèmù ìbọn ni mò ń gbá lórí kọ̀ǹpútà, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta. Nílé, àwọn tí mò ń nà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ ìdíje ojúkojú báyìí, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo já ní ìpele àkọ́kọ́. Ìka mi gan. Máòsì ń ré kọjá orí ọ̀tá, kí n tó fà á padà, mo ti kú. Bí a bá fi máa dé eré kẹta, èjìká á ti máa ro mí, ojú á máa ta mí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ojora ni. Ọkàn mi balẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kejì yẹn, síbẹ̀ ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Ó dùn mí gan-an, torí tọkàntọkàn ni mo fi múra. Kí ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe?

Afínjú Ọdẹ: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ṣé gbọ̀ngàn yẹn tutù? Kọ̀ǹpútà rẹpẹtẹ máa ń mú yàrá gbóná, àwọn tó ni ibẹ̀ á wá tan ẹ̀rọ amúlétutù dé góńgó. Bí òtútù bá mú èèyàn, ara á dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ìka kù kí inú lọ́hùn-ún má baà tutù. Iṣan tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ọwọ́ á falẹ̀, oríkèé ìka á le. Má gbájú mọ́ ọwọ́ nìkan: wọ aṣọ tó bo apá, rìn kiri, fò sókè díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè sáré. Fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọwọ́, kí o nù ún gbẹ. Èmi kì í kúrò nílé láìmú ìbọ̀wọ́.

Ìyá Oníwòsàn: Ẹ má lé ọ̀rọ̀ ojora dànù pátápátá o. Bí ẹ̀rù bá ba èèyàn, iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ á fún, ọwọ́ á tutù, á tún làágùn. Òtútù gbọ̀ngàn àti ẹ̀rù lè pa pọ̀ mú ọwọ́ kan náà. Ọmọ mi, mí sínú, kí o wá jẹ́ kí mímí síta pẹ́ ju ti inú lọ. Ṣe é bí i ìgbà mélòó kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Àṣẹ̀ṣẹ̀yọ: Ẹ ṣé, mà. Òtútù yẹn mà pọ̀ o! Abẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ náà ti ń jáde gan-an ni wọ́n fi mí sí. Tábìlì wọn tún ga ju tèmi lọ, àga náà ò ṣeé gbé sókè.

Ojúlarí: Lójú tèmi, tábìlì yẹn gan-an ló nà ọ́. Bí tábìlì bá ga, èjìká á gùn sókè, apá tó o fi ń darí máòsì nílé ò ní lè rìn bó ṣe máa ń rìn, ọrùn ọwọ́ nìkan ló máa kù. Ìwọ̀n tí ara rẹ mọ̀ ti yí padà nìyẹn, ló ṣe ń ré kọjá. Ìgúnpá gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú orí tábìlì, kí èjìká rọ̀ wọ̀ọ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ kanlẹ̀. Níbi tí àga ò bá ti gbéra, ká aṣọ sábẹ́ ìdí. Mú téèpù kí o wọn ìjókòó rẹ nílé dé orí tábìlì, kí o wọn ojú rẹ dé ojú kọ̀ǹpútà, kí o kọ ọ́ sílẹ̀.

Máòsì àti pádì tìrẹ ni kó o gbé lọ. Bí o bá yí po lẹ́ẹ̀kan nínú géèmù, sẹ̀ǹtímítà mélòó ni máòsì rìn? Iye yẹn ò gbọdọ̀ yàtọ̀ níbi méjèèjì.

Hertz mélòó ni ojú kọ̀ǹpútà rẹ nílé, ìyẹn iye ìgbà tó ń pààrọ̀ àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan? Ojú kọ̀ǹpútà 60 Hz ń pààrọ̀ àwòrán lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí mílísẹ́kọ́ńdù 16.7 (ẹgbẹ̀rún mílísẹ́kọ́ńdù ni ìṣẹ́jú àáyá kan), ti 240 Hz ní nǹkan bí 4.2. Kì í ṣe èyí ló ń sọ òpè di ọ̀gá, àmọ́ ojú tó ti mọ́ ọ̀kan lára máa ń ṣì í nídìí èkejì.

Ìyá Oníwòsàn: Ti ojú tó ń ta: bí a bá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, a kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ, ojú á gbẹ. Ní ìṣẹ́jú 20 sí 20, wo ohun tó jìnnà tó mítà 6 fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Kọfí alẹ́ náà, ṣọ́ra fún un. Lẹ́yìn wákàtí 5, nǹkan bí ìdajì káfíìnì rẹ̀, èròjà tí kì í jẹ́ ká sùn, ṣì lè wà lára.

Èyí tó ká mi lára jù ni ìrora. Bí àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀là àti ìka àárín bá ń kú tipiri lóru, lọ rí dókítà, má sọ pé ó di ẹ̀yìn ìdíje. Jian Zihao tí wọ́n ń pè ní Uzi, ògbóǹtarìgì nínú géèmù League of Legends ní Ṣáínà, kéde ní 2020 pé òun fẹ̀yìn tì torí àìlera, ìtọ̀ ṣúgà irú kejì wà lára rẹ̀. Ọmọ ọdún 23 péré ni.

Àṣẹ̀ṣẹ̀yọ: Mo padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ìka mi ò kú tipiri rí, mà, ọpẹ́ ni. Mo fi bíríkì gbé tábìlì mi ga bíi tiwọn, mo gbá eré mẹ́wàá. Gbogbo ìbọn ń ré kọjá gẹ́lẹ́ bó ṣe rí lọ́jọ́ ìdíje! Inú mi dùn débi pé mo pariwo. Mo wá ká aṣọ sábẹ́ ìdí, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í bá. Sátidé ni ìdíje tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n Afínjú Ọdẹ, ìbọ̀wọ́ yín yẹn, ṣé èyí tó bo gbogbo ìka ni, àbí èyí tí orí ìka rẹ̀ ṣí sílẹ̀?

Afínjú Ọdẹ: Èyí tó bò ó tán ni. Bọ́ ọ tí wọ́n bá ti pè ọ́, kí ìka lè kan máòsì fúnra rẹ̀. Kí o sì ní kí wọ́n má fi ọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ yẹn mọ́. Lálẹ́ Sátidé, fi bó ṣe lọ tó wa létí.