Ṣé kí n pààrọ̀ gbogbo kámẹ́rà ni, àbí DVR (ẹ̀rọ tó ń gba fídíò wọn sílẹ̀) nìkan?

Òkun o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Sìmẹ́ǹtì àti irin ni mo ń tà ní Kàbà. Kámẹ́rà AHD (irú ti ánálọ́ọ̀gì) 1080p mẹ́rin ló ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, wáyà coaxial ló so wọ́n mọ́ DVR. H.264 (ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀ kó má gba ààyè) ni DVR náà ń lò, 4 Mbps (ìwọ̀n dátà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) fún kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: kámẹ́rà kan ń jẹ nǹkan bíi 43 GB lójúmọ́, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń sún mọ́ 173 GB. Háàdì 1 TB kì í lo ọjọ́ mẹ́fà pé kó tó máa pa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́. Oníbàárà á sì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan pé irin òun ò pé!

Ẹni tó ń bá wa tún un ṣe ní kí n tú gbogbo wáyà, kí n ra kámẹ́rà IP (irú tó ń lo nẹ́tíwọ́kì). Owó ló ń wá, lójú tèmi. Ṣebí inú DVR ni wọ́n ti ń fún fídíò AHD pọ̀, kì í ṣe inú kámẹ́rà? Tí mo bá ra DVR tó ń gba AHD, tó sì ní H.265 (tó ń fún fídíò pọ̀ ju H.264 lọ), ààyè tí fídíò ń gbà lè dín kù tó ìdajì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó, ní 2 Mbps, ṣé nọ́ńbà ọkọ̀ ṣì ń hàn dáadáa lálẹ́? Fóònù àtijọ́ ńkọ́, ṣé á ṣí fídíò H.265? Àbí kí n fi H.264 sílẹ̀, kí n kàn dín férémù (iye àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) kù láti 25 sí 12? Ẹ jọ̀ọ́, sólà là ń lò o, ẹ má dárúkọ ohun tó ń jẹ iná.