Ìsọ̀rí mélòó ni ká dúró sí nínú ìlà ìwà ọ̀daràn?

Ọmọ Ògólóńtò, Ìkòròdú: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. Dátà àwọn ọmọkùnrin 411 ti gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1961, ni mo ń fi traj tú nínú Stata, sọ́fítíwíà ìṣirò dátà; traj ló ń kó àwọn tí ìwà ọ̀daràn wọn ń gba ojú ọ̀nà kan náà bí wọ́n ṣe ń dàgbà sí ìsọ̀rí kan. Mo lo ìsọ̀rí 3, BIC (òṣùwọ̀n bí mọ́dẹ́ẹ̀lì ṣe bá dátà mu láì díjú jù) dára. 4, ó tún dára sí i. Mo dé 6, kò tíì dúró. Ènìyàn 5 péré ló wà nínú ọ̀kan. Ibo ni kí n dúró?

Ará Ìjẹ̀dé: Má fi BIC nìkan jọba, àbúrò. Ẹni 5 nínú 411 kò tó 2%. Ọ̀pọ̀ ń fi 5% ṣe ààlà, bí ènìyàn 20 nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, wo àwọn tí mọ́dẹ́ẹ̀lì kó sí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan: ó kéré tán, kí ìṣeéṣe pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n wà máa jẹ́ 0.70 bí o bá pín in dọ́gba. Bó bá já sí 0.58, ìsọ̀rí méjì ti wọnú ara wọn.

Ṣé ọjọ́ orí gan-an lo kó sí i? Láti tẹ ìlà, mọ́dẹ́ẹ̀lì lè fi ọjọ́ orí lọ́nà ara rẹ̀ títí dé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta: 40 × 40 × 40 jẹ́ 64,000; ìṣirò á há síbẹ̀. Yọ 25, kí o fi 10 pín in. 40 á di 1.5.

Àgbà Ẹ̀pẹ́: Òdo ńkọ́? Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ yẹn ni ilé ẹjọ́ kò dá lẹ́bi rí. Poisson lásán, mọ́dẹ́ẹ̀lì fún kíka iye ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, á kàn máa dá ìsọ̀rí sílẹ̀ láti rí ibi tí á kó òdo sí. Zip, irú Poisson tó fàyè gba òdo púpọ̀, ni kí o lò.

Ẹ̀wọ̀n ló sì ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Ẹni tó lo oṣù 9 lẹ́wọ̀n lọ́dún kan, tó dá ẹ̀ṣẹ̀ 2 ní oṣù 3 tó kù, ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ 8 lọ́dún. Bí o kò bá ka àkókò tó fi wà níta, mọ́dẹ́ẹ̀lì á ní ó ti ń jáwọ́.

Ọmọ Ògólóńtò, Ìkòròdú: Ẹ ṣeun, mà á tún un ṣe. Àwọn tó ti kú ńkọ́?

Àgbà Ẹ̀pẹ́: Fi àyè wọn sílẹ̀ lófìfo. Òkú kì í jáwọ́.

Ará Ìjẹ̀dé: Má sì torí pé Moffitt, onímọ̀ ìhùwàsí, sọ ní 1993 pé oríṣi méjì ni àwọn ọ̀daràn, kí o wá fipá wá méjì. Laub àti Sampson, àwọn onímọ̀ ìwà ọ̀daràn, tọ àwọn ọkùnrin Boston títí wọ́n fi di ẹni 70 ọdún. Gbogbo ìsọ̀rí ló ń wálẹ̀ nígbẹ̀yìn, kì í kàn ṣe lọ́jọ́ orí kan náà ni.

Bí o bá máa gbé e wá sí Ìkòròdú lọ́la, ọjọ́ tí wọ́n dá ẹ̀ṣẹ̀ ni kí o kọ, má kọ ọjọ́ ìdájọ́. Ẹjọ́ níbí lè falẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ 19 á sì bọ́ sórí àgbà 24.