Ilé iná òkun méjèèjì ní Rottnest: ṣé ọjọ́ kan tó fún wa, tàwa ti ìyá àgbà àti ọmọdé?

Bàbá Tèmi

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Èmi, ìyàwó mi, ọmọ wa ọkùnrin (ọmọ ọdún mẹ́sàn-án) àti ìyá mi ń lọ sí Perth ní Ọsirélíà lóṣù Kejìlá, a sì fẹ́ yọ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún erékùṣù Rottnest.

Ọmọ yìí kò ní ohun méjì tó ń rò ju ilé iná òkun lọ, ilé gogoro tí wọ́n máa ń tan iná sí lórí lóru kí ọkọ̀ ojú omi má baà forí sọ àpáta. Ó ti rí i pé méjì ló wà ní Rottnest: Wadjemup láàárín erékùṣù, Bathurst létí òkun. Ó ní a ò gbọdọ̀ rí ọ̀kan ká fi ìkejì sílẹ̀. Orúnkún ìyá mi ń kọ́? Kò gba ìrìn gígùn mọ́, wọ́n sì ti ní àwọn ò ní dá jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì.

Ṣé ká yá mọ́tò ní Perth ká gbé e kọjá? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kéèyàn wọ inú méjèèjì? Èwo ni ká kọ́kọ́ lọ?

Ìyá Ìbejì

Ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ mọ́tò. Wọn kì í jẹ́ kí àlejò gbé ọkọ̀ wọ Rottnest rárá. Kẹ̀kẹ́, bọ́ọ̀sì àti ẹsẹ̀ yín ló wà. Tí kì í bá ṣe ìyẹn, erékùṣù náà ì bá má tutù nini bẹ́ẹ̀.

Fremantle, ìlú èbúté tó wà nítòsí Perth, ni kí ẹ ti wọ ọkọ̀ ojú omi, kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ọkọ̀ kan tún wà tó ń gbéra láàárín ìlú Perth gba orí odò Swan. Ó dára láti wò, ṣùgbọ́n ó máa ń tó wákàtí kan ààbọ̀ kó tó débẹ̀. Ẹ̀yin tí ọjọ́ kan péré wà lọ́wọ́ yín, ẹ má fi ṣòfò sórí odò. Owó ìwọlé sí erékùṣù ti wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi, ẹnikẹ́ni kò ní dá yín dúró gba òmíràn. Àsìkò ìsinmi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni oṣù Kejìlá lọ́hùn-ún, nítorí náà ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì yín sílẹ̀, pàápàá ti ọkọ̀ àárọ̀.

Oníkẹ̀kẹ́

Ẹ̀gbọ́n, Wadjemup ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ní òwúrọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí. Apá ìlà-oòrùn erékùṣù ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀, ní Thomson Bay, Wadjemup sì wà níwọ̀-oòrùn rẹ̀ lórí òkè. Tó bá di ọ̀sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ kan máa ń dìde láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, Fremantle Doctor ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Wadjemup lásìkò yẹn, ojú ni yóò fi gba gbogbo rẹ̀, á tún máa gun òkè. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti lọ láàárọ̀, afẹ́fẹ́ náà ni yóò máa ti yín lẹ́yìn bọ̀ wá sílé.

Bathurst kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀, nítorí náà òun ló yẹ ọ̀sán. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn wọ inú rẹ̀, ẹ ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ gbé aṣọ ìwẹ̀ dání, torí abẹ́ rẹ̀ gan-an ni etíkun Pinky Beach wà.

Ẹ̀ẹ́ dé akoto o. Òfin ni fún ẹnikẹ́ni tó bá gun kẹ̀kẹ́ ní Western Australia, ìpínlẹ̀ tí Perth wà, àti àgbà àti ọmọdé. Ibòji kò sì pọ̀ lọ́nà náà, ẹ pọn omi dání.

Kò Kàn Mí

Àwa tí a ti rí ilé iná òkun kan ti rí gbogbo wọn. Àtẹ̀gùn, fèrèsé, iná, ó tán. Ẹ lọ lúwẹ̀ẹ́ jàre, kí màmá jókòó sábẹ́ igi.

Àgbà Òpìtàn

Kò Kàn Mí, orúkọ yín ti sọ gbogbo rẹ̀ 😄. Àmọ́ ti Rottnest yàtọ̀, torí pé ìjàǹbá kan ló bí ìkejì níbẹ̀.

Ilé iná òkun àkọ́kọ́ ní Wadjemup, 1849 ni wọ́n parí rẹ̀. Òun ni ilé iná òkun tí wọ́n kọ́kọ́ fi òkúta kọ́ ní Western Australia. Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní Fremantle, kò ga tó mọ́, ni wọ́n bá kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ní 1896, ó ga tó nǹkan bíi mítà 38. Síbẹ̀, lóṣù Keje 1899, ọkọ̀ onígbòkun kan tó ń jẹ́ City of York dé lóru nínú ojú ọjọ́ burúkú. Àwọn tó ń ṣọ́ ilé iná náà ta iná sókè. Ọ̀gá ọkọ̀ rò pé ọkọ̀ atọ́nà tó ń bọ̀ wá pàdé òun ló tan iná yẹn, ló bá ń bọ̀, ó sì forí sọ àpáta. Èèyàn kú síbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní 1900, Bathurst dúró. Tí ẹ bá ti sọ ìtàn yìí fún ọmọ yín nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ ó rí i bí yóò ṣe máa wo etíkun àríwá.

Ohun kan tún wà tí ìwé àwọn onírìn-àjò máa ń gbà kọjá wéré. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n fi kọ́ ilé iná 1849 yẹn. Láti 1838 ni wọ́n ti ń kó àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin ọmọ ìbílẹ̀ Ọsirélíà lọ ṣẹ̀wọ̀n ní erékùṣù náà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000, àwọn tó kú síbẹ̀ sì ju 370 lọ. Ọgbà ẹ̀wọ̀n náà, tí wọ́n ń pè ní Quod, ṣì wà nítòsí ibi tí ẹ ó ti sọ̀kalẹ̀. Àlejò ń sanwó sùn nínú rẹ̀ títí di 2018! Èmi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó gun ilé gogoro yẹn láì mọ ọwọ́ tó gbé òkúta ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Itẹ́ òkú wọn wà nítòsí pẹ̀lú. Ẹ mú ọmọ yín dé ibẹ̀, kí ẹ rọra.

Bàbá Tèmi

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ mi ti ka èsì Àgbà Òpìtàn, ó ní òun fẹ́ dé etíkun tí City of York rì sí. Ó ku ti ìyá mi. Àtẹ̀gùn mélòó ló wà ní Wadjemup? Ṣé bọ́ọ̀sì dé ibẹ̀? Wọ́n tún ń bẹ̀rù ọkọ̀ ojú omi, inú wọn máa ń ru.

Ìyá Ìbejì

Àtẹ̀gùn 155, orúnkún yẹn ò gbọdọ̀ gbìyànjú ẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń yí erékùṣù ká máa ń sọ èèyàn kalẹ̀ nítòsí, ó ku ìrìn díẹ̀ sókè. Kí ìyàwó yín bá màmá wọ bọ́ọ̀sì, kí ẹ̀yin àti ọmọ gun kẹ̀kẹ́, kí ẹ pàdé lábẹ́ ilé iná náà. Láti ìsàlẹ̀ lásán, òkun tí màmá máa rí á tó wọn. Àwọn afinimọ̀nà ló ń mú èèyàn gòkè. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ìyẹn ní kété tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, kí ẹ sì béèrè òfin tó wà fún ọmọdé.

Àwọn quokka, ẹranko kékeré abàpòníkùn yẹn, máa wá bá màmá níbi tí wọ́n bá jókòó sí. Wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án tàbí fún un lóúnjẹ o, owó ìtanràn wà níbẹ̀.

Oníkẹ̀kẹ́

Etíkun City of York Bay wà lápá àríwá ìwọ̀-oòrùn, ó kọjá Wadjemup. Tí agbára bá ṣì kù lẹ́sẹ̀ ọmọ, ẹ lọ kó tó di ọ̀sán. Bí kò bá sí, bọ́ọ̀sì yẹn náà ni.

Ti inú ríru: ìsàlẹ̀ ọkọ̀, lápá ẹ̀yìn, ni kí màmá jókòó sí, ìmì rẹ̀ kì í pọ̀ tó ti iwájú. Kí wọ́n lo oògùn kí ọkọ̀ tó gbéra, kì í ṣe ìgbà tó bá ti ń mì. Ọkọ̀ àárọ̀ ló máa ń rọrùn jù. Ti ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ tí mo sọ yẹn á ti ru omi sókè.