Iná ń gbé mi lára ògiri páànù: báwo ni kí n ṣe fa wáyà earth?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ iná mànàmáná. Mo kọ́ ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sẹ́yìn ilé mi ní Ìbàdàn, òpó irin àti páànù látòkè délẹ̀, kí n lè máa ríbi jó irin. Inú ilé ni mo ti fa iná lọ síbẹ̀, nǹkan bíi mítà 25, pẹ̀lú wáyà bàbà 2.5 mm² tí ojú méjì péré wà nínú rẹ̀, láìsí ti earth (èyí tí ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sílẹ̀).

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, bí mo bá tan ẹ̀rọ tí mo sì fọwọ́ kan ògiri, iná á gbé mi. Mo ti pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo tú ibi tí wáyà gbà wọlé, mo rí i pé etí páànù ti gé rọ́bà ara rẹ̀, mo sì ki páìpù bọ ibẹ̀. Ó dín kù, ṣùgbọ́n tẹ́sítà ṣì ń tàn, mo bá pa gbogbo rẹ̀. Oníṣẹ́ iná àdúgbò ní kí n so páànù mọ́ neutral (wáyà tí iná ń gbà padà). Ọkàn mi kò gbà á, torí bí neutral bá já lọ́jọ́ kan, ògiri yóò di oníná pátápátá.

Ṣé kí n fa wáyà earth láti ilé wá ni, àbí kí n ri ọ̀pá earth ọ̀tọ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kí n sì fi RCD 30 mA (ẹ̀rọ tí ń já iná fúnra rẹ̀ bí iná bá ń ṣìnà) sí i? Wáyà wo ni yóò sì gbé ẹ̀rọ ìjórin tí ń fa 30 ámúpù dé mítà 25 láìgbóná?