Mo fẹ́ wọ agbo poker tó ti pẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi kan pè mí síbi poker, eré káàdì tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ta nílé tipẹ́tipẹ́. Inú mi dùn gan-an, mi ò sì fẹ́ da agbo wọn rú.

Mo mọ Texas Hold'em, ọ̀kan lára irú poker tó wà: káàdì 2 lọ́wọ́ ẹni, 5 láàárín tábìlì. Àmọ́ lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá kàn láti pín káàdì ló ń yan irú èyí tí wọ́n máa ta. Ó lè mú Omaha, níbi tí káàdì 4 ti máa wà lọ́wọ́ ẹ, tó o sì gbọ́dọ̀ lo 2 nínú rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dín, kò gbọ́dọ̀ lé. Ìyẹn ló ń dà mí láàmú jù, torí ojú Hold'em ni mo ṣì fi ń wò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ irú agbo bẹ́ẹ̀ rí, ṣé kí n béèrè gbogbo òfin wọn kí wọ́n tó pín káàdì ni, àbí kí n máa wò wọ́n kọ́ ọ? Tí mo bá sì jẹ wọ́n lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣé ó burú kí n tètè dìde? Ó wù mí kí wọ́n tún pè mí.