Oṣù kẹjọ rèé tí mo ti ń dá kọ́ èdè Jámánì, ẹnu mi ò tíì gbà á. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akẹ́kọ̀ọ́ Òru:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi.

Ọmọ ọdún 22 ni mí. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mò ń kọ́, ọ̀pọ̀ ìwé tó wù mí kà ló sì wà ní èdè Jámánì. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ fúnra mi, láìsí olùkọ́, láìsí kíláàsì. Áàpù orí fóònù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo pa á jẹ: láàárọ̀ kí n tó dìde lórí ibùsùn, lálẹ́ kí n tó sùn. Tó bá ní kí n mú ìdáhùn tó tọ̀nà nínú mẹ́ta, mo ń mú un. Tó bá tú ọ̀rọ̀ ká ní kí n tò ó, mo ń tò ó. Mo rò pé mo ti ń gbọ́ ọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo pàdé ẹnì kan tó gbọ́ èdè náà dáadáa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Was hast du gestern gemacht?" Kí lo ṣe lánàá? Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí mi ò mọ̀. Mo la ẹnu, nǹkan kan ò jáde. Mo mọ "gestern" (àná), mo mọ "ich" (èmi), mo mọ "arbeiten" (ṣiṣẹ́), àmọ́ mi ò mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ "arbeiten" tó bá ti kọjá. Ẹni náà fi sùúrù dúró dè mí, nígbà tó yá ó fi èdè mìíràn bá mi sọ̀rọ̀. Ó dùn mí débi pé odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fọwọ́ kan áàpù náà.

Ṣé kí n pa áàpù tì kí n ra ìwé gírámà ni? Ṣé ọjọ́ ti lọ jù fún ẹni ọdún 22? Àti pé der, die, das tó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ yìí, báwo lẹ ṣe ń há a sórí?

Adùn Èdè:

Àbúrò, ọjọ́ ò lọ rárá. Ẹni ọdún 31 ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo sì ti yege B1, ìpele kẹta nínú mẹ́fà tí wọ́n pín ìmọ̀ èdè sí (A1 ni àkọ́kọ́). Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ yẹn, ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Kéèyàn rí ọ̀rọ̀ kó dá a mọ̀, ọ̀tọ̀ ni. Kéèyàn wá ọ̀rọ̀ nínú ara rẹ̀ kó sì rí i, ọ̀tọ̀ nìyẹn náà. Ti àkọ́kọ́ nìkan ni áàpù ẹ fi ń dán ẹ wò láti oṣù mẹ́jọ. Má pa á tì, àmọ́ má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lóòjọ́ mọ́.

Olùkọ́ Àgbà:

Òótọ́ ni Adùn Èdè sọ. Ọmọ mi, ra ìwé àjákọ kan lónìí. Lálaalẹ́, kọ gbólóhùn márùn-ún nípa ohun tí ìwọ fúnra rẹ ṣe lọ́jọ́ náà. Má wo ibì kankan kọ́kọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti há, fi àlàfo sílẹ̀, parí gbólóhùn náà, kí o tó lọ wo ohun tó sọnù. Àlàfo yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ rẹ ti ọjọ́ náà, torí pé ohun tí o fẹ́ sọ tí o ò rí sọ kì í tètè kúrò lọ́kàn.

Òfin méjì péré ni kí o kọ́kọ́ dì mú. Ìkíní: ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń jókòó sí ipò kejì. Tó bá jẹ́ "ich" lo fi bẹ̀rẹ̀, "habe" (ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń ran "gearbeitet" lọ́wọ́) ló tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ "gestern" lo fi bẹ̀rẹ̀, "habe" náà ló tẹ̀ lé e, "ich" á wá sún sẹ́yìn: "Gestern habe ich gearbeitet." Mo ṣiṣẹ́ lánàá. Ìdáhùn tó há ẹ lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ìkejì: tó o bá rí "weil" (nítorí pé) tàbí "dass" (pé), ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń yí padà á lọ dúró sí ìparí pátápátá.

Ohun tó sì ń dùn mí ni pé a máa ń kọ́ èdè yìí bíi pé ọwọ́ òfìfo la mú wá. Wo "anrufen," ìyẹn kéèyàn pe ẹnì kan lórí fóònù. Wọ́n á ní: "Ich rufe dich morgen an." Màá pè ẹ́ lọ́la. Ọ̀rọ̀ kan ti là sí méjì, ìdajì rẹ̀ ti bọ́ sí ìdí gbólóhùn. Èyí máa ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rù. Àmọ́ kí ni àwa ń fi "bàjẹ́" ṣe? Ó *ba* iṣẹ́ náà *jẹ́*. "Gbàgbọ́" ńkọ́? Mo *gba* ọ̀rọ̀ rẹ *gbọ́*. Ojoojúmọ́ là ń la ọ̀rọ̀-ìṣe sí méjì.

Òǹkà náà ńkọ́? 21 ni "einundzwanzig," ọ̀kan àti ogún. Ẹni tó bá ń ti inú Gẹ̀ẹ́sì rò ó ló máa ń yí i po. Ti inú Yorùbá rò ó: mọ́kànlélógún, ọ̀kan ló lé lórí ogún. Ó bá a mu títí dé 24, kí àwa tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kúrò nínú ọgbọ̀n. "Du" àti "Sie" náà, "o" àti "ẹ" ni. Kódà bí "ẹ" ṣe jẹ́ ti ọ̀pọ̀ èèyàn àti ti ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń tẹ̀ lé "Sie" máa ń mú àwọ̀ ti ọ̀pọ̀ èèyàn: "Haben Sie Zeit?" Ṣé ẹ ráyè? Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé ọjọ́ orí kọ́ ni wọ́n ń wò jù. Àgbà méjì tí kò mọra rí, "Sie" ni wọ́n jọ máa pe ara wọn, ì báà jẹ́ pé ọ̀kan fi ogún ọdún ju ìkejì lọ.

Ìwé Lọ́wọ́:

Ọ̀rọ̀ der, die, das ni mo fẹ́ dá sí. Èdè tiwa, "ó" ni a ń pe ọkùnrin, "ó" ni a ń pe obìnrin, "ó" náà ni tábìlì. Torí náà, má wá ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ kiri. Ṣíbí ni der Löffel, akọ. Fọ́ọ̀kì ni die Gabel, abo. Ọ̀bẹ ni das Messer, kò sí nínú méjèèjì. Ọmọbìnrin pàápàá, das Mädchen ni, nítorí pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá fi -chen yìí sọ ara rẹ̀ di kékeré, das ni.

Má kọ ọ̀rọ̀-orúkọ kankan sílẹ̀ ní ìhòòhò. Má kọ "Buch" (ìwé), kọ "das Buch, die Bücher," kí o sì pè é pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pe orúkọ àti orúkọ bàbá. Báírò mẹ́ta ni mo lò: búlúù fún der, pupa fún die, àwọ̀ ewé fún das. Lẹ́yìn oṣù méjì, mo ń rí àwọ̀ kí n tó rántí ọ̀rọ̀. Ìrànwọ́ díẹ̀ náà wà: -ung, -heit, -keit, -schaft lẹ́yìn ọ̀rọ̀-orúkọ, die ni wọ́n. Àwọn ọ̀rọ̀ gígùn inú ìwé iṣẹ́ ẹ̀rọ ẹ ńkọ́? Ẹ̀yìn ni kí o ti tú wọn. Handschuh: Hand ni ọwọ́, Schuh ni bàtà, ìbọ̀wọ́ nìyẹn. Schuh tó gbẹ̀yìn ló ni ín, torí náà der ni.

Etí Ọ̀dẹ̀dẹ̀:

Ẹ̀yin Olùkọ́ Àgbà, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé. Mo fi ọdún kan gbáko kọ gbólóhùn, ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ò gbọ́ ohun tí mò ń wí, nítorí pé mo ń fi "i" sí ẹ̀yìn gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi kọ́ńsónáǹtì parí. Etí àti ẹnu ni kó ṣáájú.

Àbúrò, wo dígí. Ká ètè rẹ jọ bí ẹni fẹ́ pe "u." Má jẹ́ kí ètè kúrò níbẹ̀, kí o wá pe "i." Ü nìyẹn. Ká ètè bí ẹni fẹ́ pe "o," pe "e" nínú rẹ̀, ö nìyẹn. Tí o ò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, "schön" (ó rẹwà) á di "schon" (ó ti ṣẹlẹ̀ ná). "Sch" kò le, "ṣ" wa ni. W wọn ni kó o ṣọ́ra fún: fi eyín òkè kan ètè ìsàlẹ̀ bí ẹni fẹ́ pe "f," kí ohùn sì máa dún nínú ọ̀fun.

Àwa tí ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ kò rú lójú, kò yẹ kí ibi tí wọ́n ti ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ fò wá dá. Tẹnu mọ́ "um" nínú "umfahren," o fi ọkọ̀ gbá nǹkan lulẹ̀. Tẹnu mọ́ "fah," o wakọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìfọwọ́ kàn án. Ìwé atúmọ̀ èdè Duden tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń fi àmì sí abẹ́ fáwẹ́lì tí wọ́n ń tẹnu mọ́: ilà fún èyí tí wọ́n ń fà, tóótó fún èyí tó kúrú. Má fi tóótó yẹn pe ẹ àti ọ o.

Olùkọ́ Àgbà:

Mo gbà pẹ̀lú ẹ lórí ti ohùn. Kó kọ gbólóhùn márùn-ún náà tán, kó sì kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òru:

Mo dúpẹ́ gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ "bàjẹ́" yẹn ṣí mi lójú. Ẹ jọ̀ọ́, den, dem, des tí der máa ń yí padà sí ńkọ́? Ṣé gbogbo rẹ̀ ni kí n kọ́ báyìí?

Ìwé Lọ́wọ́:

Rárá o. Mú "den" nìkan fún oṣù kan. Lédè wa, ibi tí ọ̀rọ̀ jókòó sí ló ń sọ ẹni tó ṣe nǹkan: ajá bu ọkùnrin náà jẹ. Tó o bá yí wọn padà, ìtàn ti yí padà. Nínú èdè tiwọn, "Der Hund beißt den Mann" àti "Den Mann beißt der Hund," ajá náà ló bu èèyàn jẹ nínú méjèèjì. "Den" ló ń fi ẹni tí ó jẹ̀yà hàn. Tí èyí bá ti wọ̀ ẹ́ lára, "dem" á rọrùn. "Des" lè dúró.

Adùn Èdè:

Fún etí ẹ, Deutsche Welle, ilé iṣẹ́ ìròyìn Jámánì, ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti A1 dé B1, tòun ti fídíò. Wọ́n tún ní ìròyìn tí wọ́n ń rọra kà, Langsam gesprochene Nachrichten, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ tó o lè máa fi ojú bá lọ. Ìyẹn le díẹ̀ fún ẹ báyìí, fi í pa mọ́. Tó o bá fẹ́ ṣe ìdánwò lọ́jọ́ kan, B1 ti Goethe-Institut, àjọ tó ń kọ́ni ní èdè Jámánì, pín sí mẹ́rin: kíkà, gbígbọ́, kíkọ, sísọ. 60 nínú 100 ni wàá gbà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí o tó yege. Kíkà ò lè bá sísọ gba máàkì.

Àti ọ̀rọ̀ tó o ti kọ́: wò ó lọ́la, wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, ló kọ nípa bí ìgbàgbé ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́dún 1885. Ara rẹ̀ ló fi dán an wò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òru (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì):

Ẹ kú ilé o. Ti alẹ́ àná rèé, mi ò wo ibì kankan:

Ich bin heute um sechs Uhr aufgestanden. Gestern ich habe bis acht Uhr gearbeitet. Ich bin müde, weil ich habe nur fünf Stunden geschlafen. Am Samstag rufe ich meinen Bruder an. Ich lerne jeden Tag Deutsch. (Mo jí dìde ní aago mẹ́fà lónìí. Lánàá, mo ṣiṣẹ́ títí di aago mẹ́jọ. Ó rẹ̀ mí, nítorí pé wákàtí márùn-ún péré ni mo sùn. Lọ́jọ́ Sátidé, màá pe arákùnrin mi lórí fóònù. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọ́ èdè Jámánì.)

Olùkọ́ Àgbà:

Inú mi dùn púpọ̀. "Meinen Bruder" tọ̀nà, o sì la "anrufen" sí méjì bó ṣe yẹ. Méjì ló kù: "Gestern habe ich." Àti "weil ich nur fünf Stunden geschlafen habe."

Akẹ́kọ̀ọ́ Òru:

Mo ti tún un kọ, mo sì ti kà á sókè. Mo fi ti "gestern" ránṣẹ́ sí ẹni ọjọ́sí yẹn. Ó fèsì pé: "Und was machst du morgen?" Kí lo máa ṣe lọ́la? Ẹ bá mi wo ìdáhùn mi kí n tó fi ránṣẹ́: "Morgen stehe ich um fünf Uhr auf." Lọ́la, màá jí dìde ní aago márùn-ún.

Olùkọ́ Àgbà:

Ó pé. Fi ránṣẹ́.